Máìkírówéèfù tó ń ta pàrà: ohun tí a bá lára ògiri ọ̀tún

Ẹjọ́ tí wọ́n fi pè mí kò gùn: máìkírówéèfù wọn ń ta iná nínú, bẹ́ẹ̀ kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Ìyá ilé ló pè. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ ìró tá-tá lásán ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá, iná bẹ̀rẹ̀ sí í fò lára ògiri ọ̀tún, òórùn nǹkan tó jóná sì ń bá a jáde. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ilé ìdáná ṣe, irú ẹjọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Mo ń kọ ti ilé yìí sílẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń ta pàrà, àtèyí tó dára àtèyí tó lè gba ẹ̀mí, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni pé: "Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ báyìí, mà. Ẹ má tún tàn án títí n ó fi dé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá." Ó ní òun ti gbọ́.

Ohun tí wọ́n ti ṣe kí n tó dé

Mo kọ́kọ́ jókòó bi wọ́n ní ìbéèrè. Kéèyàn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó yẹ kó mọ ohun tí ọwọ́ mìíràn ti ṣe sí i.

Ìyá ilé ti wá irin. Ó yẹ gbogbo àwo wò, ó rí ife kan tí wọ́n fi wúrà ya etí rẹ̀, ó sì gbé e kúrò pátápátá. Ó ṣe dáadáa. Ìlà wúrà tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ tó láti dá iná sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fóìlì tó rún, wáyà kékeré tí wọ́n fi ń di ẹnu ọ̀rá, àti ìdérí tó ní síkúrù lára. Ṣùgbọ́n iná náà kò dẹ́kun, kódà nígbà tó jẹ́ omi lásán nínú ife gíláàsì ni wọ́n gbé sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ní gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Bí omi nínú gíláàsì bá wà níbẹ̀ tí iná ṣì ń ta, kì í ṣe ohun tí a gbé wọlé ló ní ẹ̀bi, ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni.

Bàbá ilé ní tirẹ̀ ti ń dín àkókò kù. Ó ṣàkíyèsí pé bí ó bá fún ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú kan péré, iná náà kì í pọ̀, nítorí náà ó ń gbé oúnjẹ kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú kan kan. Ó rò pé òun ń ṣọ́ra ni.

Ọmọkùnrin wọn rí páálí pẹlẹbẹ kan lára ògiri ọ̀tún, èyí tó ti di dúdú láàárín. Ó rò pé ara páálí tí wọ́n fi di ẹ̀rọ náà láti ṣọ́ọ̀bù ni, pé ẹnì kan gbàgbé láti yọ ọ́. Ló bá mú ọ̀bẹ, ó sì ha ìdajì rẹ̀ kúrò. N kò bá a wí. Kò sí ohun tó wà lára páálí náà tó sọ fún ènìyàn pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe, mo sì ti dé ilé púpọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ dànù láìmọ̀.

Ẹni kẹrin ni àbúrò bàbá ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí títún nǹkan ṣe. Òun ló gbé sukudiráfà wá. Síkúrù méjì ti jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà nígbà tí ìyá ilé dá a dúró. Ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ dé ná." Àbúrò ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé kò séwu, pé òun ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ìyá ilé kò gbà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yẹn, kíkọ̀ tí obìnrin náà kọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. N ó sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo bá nínú rẹ̀

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Páálí ọ̀tún ti lu níbi tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, etí ihò náà dúdú bí èédú. Apá tí ọmọ náà ha ti ya wúruwùru. Ọ̀rá tó ti gbẹ wà lára ògiri yí i ká, òrùlé ẹ̀rọ náà pàápàá kún fún àbàwọ́n ọbẹ̀ tó ti pẹ́. Mo wo inú ihò tó wà lẹ́yìn páálí náà dáadáa: ó dọ̀tí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jóná. Orí wọn ló bá wọn ṣe é. Bí iná náà bá ti dé orí magnetron, ìyẹn ohun tó ń mú ooru ẹ̀rọ náà wá, tó wà ní òpin ihò yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ tọ́, àgbékọ́ rẹ̀ kò mì, gíláàsì rẹ̀ kò sán, àwọ̀n irin tó wà nínú gíláàsì náà sì pé. Etí ilẹ̀kùn ní oúnjẹ tó gbẹ mọ́ ọn. Lábẹ́ àwo tó ń yí, ibì kan wà tí ọ̀dà ti ha, ṣùgbọ́n kò tíì dógùn-ún, irin kò sì tíì yọ síta.

Bí páálí ṣe di ibi tí iná ti ń sọ

Magnetron ni ohun tó ń sọ iná mànàmáná di ìgbì. Nínú máìkírówéèfù ilé, ìgbì náà ń mì ní nǹkan bí 2,450 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, gígùn rẹ̀ kan sì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12. Ó ń gba inú ọ̀nà onírin kékeré kan jáde, á gba ihò kan lára ògiri wọ ibi tí oúnjẹ wà, á wá máa ta lára irin ògiri sí ìhín sọ́hùn-ún títí omi inú oúnjẹ á fi gbà á, tí oúnjẹ á sì gbóná. Gíláàsì, àwo tánńganran àti ike kan kan kì í dá a dúró. Máíkà, ìyẹn òkúta kan tó ṣeé là sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kì í dá a dúró bákan náà, ó sì lè fara da ooru gbígbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi páálí máíkà bo ihò yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ìgbì kọjá, kó má sì jẹ́ kí ooru omi àti ọ̀rá ọbẹ̀ dé ibi tí magnetron wà.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Gbogbo agbára ẹ̀rọ náà ló ń gba ojú ihò kan ṣoṣo yẹn kọjá. Bí ọbẹ̀ bá ta sí páálí tí a kò sì nù ún, gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ ni ọ̀rá yẹn ń gbóná níbi tí agbára ti pọ̀ jù. Á gbẹ, á pọ́n, á dúdú, á di èédú. Èédú kò dà bí ọ̀rá: ó ń gbé iná mànàmáná. Ọjọ́ tó bá ti di èédú ni ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná lára rẹ̀, iná tó bá ta á jó apá mìíràn lára páálí, apá yẹn náà á di èédú, iná ọ̀la á sì pọ̀ ju ti òní lọ.

Ìdí nìyí tí dídín àkókò kù tí bàbá ilé ń ṣe kò fi dá nǹkan kan dúró. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń fi èédú tuntun kún ti àná. Mo fi páálí náà hàn án, mo ní kí ó fọwọ́ kan etí ihò náà. Dúdú ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì nílò àlàyé mìíràn. Bí máìkírówéèfù bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan tí kò sì sí irin nínú rẹ̀, pípa ló kàn. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà máa lò ó díẹ̀díẹ̀.

Ti ọmọ náà sì fi ewu méjì kún un: etí páálí tó ya mú ṣóńṣó tí iná fẹ́ràn láti ta sí, ihò sì ṣí sílẹ̀ fún ooru omi.

Síkúrù méjì

Àbúrò bàbá ilé béèrè lọ́wọ́ mi, tọkàntọkàn, pé kí ló burú nínú ṣíṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò sí lára iná. Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé òótọ́ ni nínú àìmọye ẹ̀rọ ilé, bí a bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, ọ̀rọ̀ parí.

Máìkírówéèfù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, tíránsífọ́mà kan wà lẹ́yìn tó ń gbé iná ògiri sókè sí nǹkan bí 2,000 fóòlùtì. Kàpásítọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ran iná yẹn lọ́wọ́ kí ó lè tó nǹkan bí 4,000 fóòlùtì kó tó dé ọ̀dọ̀ magnetron. Kàpásítọ̀ ń tọ́jú iná sínú. Bí a bá pa ẹ̀rọ, tí a yọ púlọ́ọ̀gì, iná yẹn ṣì lè wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi ohun kan sí i tó yẹ kó máa fà á gbẹ, ṣùgbọ́n nǹkan yẹn lè bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Ó ti pa àwọn tó fi àtúnṣe ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, àwọn tó kọ́ ọ, tí wọ́n ní irinṣẹ́.

Mo sọ fún un pé: "Àbúrò mi, gbogbo ohun tó o mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìlọta tàbí fáànù, má gbé e dé ìdí eléyìí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Ìkìlọ̀ yẹn máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ lóòótọ́, ní lẹ́tà tó kéré, lójú ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Èmi gbà pé iwájú ló yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọkàn ẹ̀rọ yìí, magnetron, kò bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná. Ẹ̀rọ rédà tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló wà fún. Ní 1945, Percy Spencer tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Raytheon ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun dídùn tó wà nínú àpò òun yọ́ nígbà tí òun wà lẹ́bàá magnetron, ní 1947 sì ni ilé iṣẹ́ náà gbé ààrò máìkírówéèfù àkọ́kọ́ jáde fún títà. Agbára yẹn náà la gbé sórí tábìlì ilé ìdáná, tí a fi irin bò. Mo dá síkúrù méjèèjì padà sí àyè wọn, mo sì fún wọn le.

Àtúnṣe

Àtúnṣe náà kò le. Mo yọ ìyókù páálí náà, mo fi aṣọ tó ní omi ọṣẹ díẹ̀ nu etí ihò náà, mo jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Mo fi páálí máíkà tuntun wọn ti àtijọ́, mo gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì tì í bọ ibi tó ń dì í mú. A kò fi páálí ìwé, ike tàbí fóìlì dípò rẹ̀. N kò ní sọ èyí bí kò bá jẹ́ pé mo ti rí i. Fóìlì yóò dá ìgbì padà sí ọ̀dọ̀ magnetron, ìwé yóò gbiná. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ìwé ìlànà gbà kí ẹni tó ni ín pààrọ̀ páálí yìí láti inú. Nínú àwọn mìíràn, ó ní oníṣẹ́ nìkan ni kó ṣe é. Ohun tí ìwé ìlànà bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé ife omi kan sí i fún ìṣẹ́jú kan, tí gbogbo wa dúró wo ògiri ọ̀tún. Kò ta. Mo fi omi mìíràn tún un ṣe fún ìṣẹ́jú méjì, kò ta. Ṣíbí onígi ni mo fi sínú ife náà, ọmọ wọn sì bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé omi tó wà nínú ife dídán lè gbóná kọjá ibi tó yẹ kó ti hó láìhó rárá. Ojú rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ẹnì kan bá wá gbé e, tàbí tó da nǹkan oníyẹ̀fun sí i, á rú jáde lójijì, á sì bó ọwọ́ tàbí ojú onítọ̀hún. Igi tó wà nínú rẹ̀ ń fún èéhó ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má sì gbé omi tó ti gbóná lẹ́ẹ̀kan padà sínú ẹ̀rọ.

N kò dán an wò láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí yóò gba ìgbì, ọ̀dọ̀ magnetron ni yóò padà sí, ó sì lè bà á jẹ́. Àwọn kan máa ń fi ife omi kékeré sílẹ̀ nínú tiwọn nígbà tí ọmọdé bá wà nílé tó fẹ́ràn láti tẹ bọ́tìnnì. Mo fara mọ́ ọn.

Ìbéèrè ìyá àgbà

Ìyá bàbá ilé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá iná tó ń ta yẹn ti bá oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ jẹ́, àti bóyá ìtànṣán ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì ṣàlàyé. Ìgbì yìí dà bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù: bí a bá pa á, kò sí èyí tó kù nínú yàrá. Kò sọ oúnjẹ di olóró, ó kàn mú un gbóná ni. Èéfín páálí tó jóná ni mo ní kí wọ́n má fi mí. Oúnjẹ tí òórùn jíjóná bá ti wọ̀, kí wọ́n dà á nù.

Ọmọ náà wá jẹ́wọ́ pé òun ti gbé fóònù sínú ẹ̀rọ náà, òun sì pè é, ó dún, ló bá rò pé ìtànṣán ń jò. Àdánwò yẹn kò fi nǹkan kan hàn. Ìgbì kékeré bíńtín tó fóònù láti dún, ó kéré gan-an sí èyí tó lè pa ènìyàn lára. Bí ẹnì kan bá gbàgbé fóònù náà sínú rẹ̀ tó sì tan ẹ̀rọ, ewu gidi nìyẹn. Ohun tó yẹ kí a máa wò ni ilẹ̀kùn. Òfin Amẹ́ríkà, láti 1971, kò gbà kí ohun tó ń jò jáde kọjá míllíwáàtì 5 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara ẹ̀rọ, ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀kùn tó tọ́ tó sì mọ́ ló ń mú èyí ṣẹ. Bí ó bá wọ́, bí gíláàsì bá fọ́, bí ìkọ́ kò bá mú, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣí i, lílò parí nìyẹn títí oníṣẹ́ fi máa dé.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ báyìí

Ìyá ilé ní òun ń nu ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ àti àwo tó ń yí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń dé. Mo fi òrùlé àti ògiri ọ̀tún hàn án. Ìlànà tí a jọ fẹnu kò sí rọrùn: kí wọ́n fi ìdérí tó yẹ fún máìkírówéèfù bo oúnjẹ, kó ní àyè tí ooru lè gbà jáde, kí wọ́n nu ohunkóhun tó bá ta lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ, kí wọ́n fi abọ́ omi gbóná sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí onígi, kí wọ́n jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọ ọ́, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì nù ún pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Páálí máíkà kì í fẹ́ omi púpọ̀ àti fífọwọ́ le. A kàn ń pa aṣọ ọ̀rinrin lára rẹ̀ ni. Kànrìnkàn onírin kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ yìí. Ó ń ha ọ̀dà, ó sì ń já fọ́nrán irin sílẹ̀.

Mo tún rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fẹnu kan ògiri, aṣọ ìnuwọ́ sì wà lórí ihò tí ooru rẹ̀ ń gbà jáde. A fà á síwájú, a kó aṣọ náà kúrò. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà ló ń bá ẹ̀rọ mìíràn lò. Mo ní kó máa dá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tirẹ̀.

Bàbá ilé béèrè ohun tí wọn ì bá ṣe ká ní oúnjẹ gan-an ló gbiná nínú rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn dáhùn kí n tó dáhùn. Mẹ́ta nínú wọn ní àwọn á ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn bu omi sí i. Ẹ má ṣí i. Inú tó pa dé kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, iná náà á kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i ló fún un ní afẹ́fẹ́, tó sì gbé ojú síwájú rẹ̀. Kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a dúró, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì bí ọwọ́ bá lè dé e láìséwu, kí ẹ sì dúró. Bí iná bá jáde kọjá ẹ̀rọ, kí gbogbo ilé jáde, kí wọ́n pe panápaná láti ìta.

Mo padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Páálí náà ṣì mọ́, kò pọ́n níbì kankan. Ibi tí ọ̀dà ti ha lábẹ́ àwo tó ń yí ti fẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí pé òrùka tó ń gbé àwo náà ń há ìyẹ̀pẹ̀ oúnjẹ sábẹ́. Mo fọ òrùka náà, mo sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Mo sọ fún wọn láìfi bò pé bí irin bá yọ síta níbẹ̀ tàbí tó dógùn-ún, iná yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta láti ilẹ̀, páálí tuntun kò sì ní ran ìyẹn lọ́wọ́. Ìyá ilé ti kọ ìwọ̀n páálí máíkà náà sí ẹ̀yìn ìwé ìlànà ẹ̀rọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tèmi lábẹ́ rẹ̀.